Ilẹ̀ Tí Yẹ̀kínì Fi Kan Ahọ́n

Ọkùnrin kan wà ní Port Harcourt tí gbogbo ohun tó bá fi sẹ́nu ń ta sí i lẹ́nu bí erùpẹ̀. Ó bu ìrẹsì sẹ́nu, erùpẹ̀ ni. Ó mu omi tútù, erùpẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá gbáko.

Mo bi í bóyá kí n fi orúkọ mìíràn bò ó láṣìírí fún ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìtàn yìí. Ó ní rárá o. Ó ní bíbò mọ́lẹ̀ ló sọ òun dà báyìí, kí n kọ Yẹ̀kínì gan-an síbẹ̀, kí n má sì yọ ohunkóhun kúrò.

Ó dáa. Yẹ̀kínì ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, oníṣẹ́ iná. Ọdún 1999 ló wọ Port Harcourt pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ kan àti ọ̀rẹ́ kan. Misbaudeen lọ̀rẹ́ ọ̀hún ń jẹ́, ọmọ Ọ̀yọ́, púlọ́ńbà. Yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní Diobu. Bàtà kan ṣoṣo tó dáa ni àwọn méjèèjì ní. Ẹni tó bá ń lọ rí ọ̀gá ló ń wọ̀ ọ́, ẹnì kejì á jókòó sílé pẹ̀lú sílípáàsì.

Ibi tí ọ̀rẹ́ wọn dé nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn.

Ní 2009, ọ̀gá báńkì kan tó ń jẹ́ Fọláhànmí ra ilẹ̀ sétí omi ní Abuloma. Ó ní òun fẹ́ kọ́ ilé tí kò ní máa wu òun láti jáde nínú ẹ̀. Sotonye ló ya àwòrán ilé náà. Obìnrin ni, ọmọ etídò yẹn gan-an, ohùn ẹ̀ sì le ju ti fómáànù lọ. Ó tẹ́ àwòrán sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó pe àwọn oníṣẹ́ jọ.

"Una see this parlour? E no get wall for river side, na wooden shutter. Breeze go commot from water, waka cross parlour, climb staircase, jump commot for roof. AC go dey jealous."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Yẹ̀kínì kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ojú ẹ̀ ti wọnú bébà lọ.

Kì í ṣe ilé olówó tí wọ́n ń fi òpó gbàgìdì àti kìnnìún símẹ́ńtì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Òrùlé ẹ̀ na etí jáde bíi fìlà abetí-ajá, kí òjò Port Harcourt má baà rí fèrèsé nà. Pákó ìrókò tí wọ́n fá tó ń dán ni wọ́n tẹ́ sínú yàrá. Balùwẹ̀ ọ̀gá kò ní àjà. Ewéko ló yí i ká, kéèyàn máa wẹ̀ lábẹ́ ojú ọ̀run kí ẹyẹ máa wò ó. Yàrá sinimá wà níbẹ̀. Yàrá eré ìdárayá wà. Ògiri kan wà ní ẹnu ọ̀nà tí omi ń ṣàn lójú ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí kì í ta sí ẹnikẹ́ni lára.

Ṣùgbọ́n púùlù, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ yẹn, ni ọba gbogbo wọn. Etí ẹ̀ tó kọjú sódò kò ní ògiri lójú. Tó o bá dúró ní fàràndá, ńṣe ni wàá rò pé omi púùlù ń ṣàn wọ odò lọ láìdúró. Iná mẹ́rìndínlógún ni yóò máa jó nísàlẹ̀ omi, aláwọ̀ búlúù. Ọwọ́ Yẹ̀kínì ni wọ́n fi gbogbo iná ọ̀hún sí.

Sotonye fa Yẹ̀kínì nìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Yekini, for this pool I no dey play. Eight copper rod for ground, long pass me and you. Then rope of copper go tie everything join: ladder, handrail, all the lamp. If current miss road, make ground swallow am. No be person."

Àwọn oníṣẹ́ iná ń pè é ní ẹ́ẹ̀tì. Kò sí ohun mìíràn nínú ẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ẹ̀ ń so iná mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ lè gba ìyà tí ìbá jẹ èèyàn.

"Madam, I hear," ni Yẹ̀kínì wí.

Ó gbọ́ lóòótọ́.

Àmọ́ ilé tiẹ̀ náà wà. Yàrá méjì àti pálọ̀ kan lójú ọ̀nà Isiokpo, láàárín oko ẹ̀gẹ́ tí ewé ẹ̀ ń wọlé gba fèrèsé. Tó bá ti Abuloma dé, tó bá wo pálọ̀ yẹn, ọkàn ẹ̀ á bàjẹ́. Jemilat ìyàwó ẹ̀ kò sì ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá Sherifdeen, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tan ilé olówó bí ọ̀sán gangan," Jemilat á wí, á máa ṣa ẹ̀wà lọ, "gílóòbù kan ṣoṣo ló wà nílé yín, òun náà tún ń ṣẹ́jú. Ṣé ó ń pè yín lọ́kọ ni?"

Lọ́jọ́ kan, ó ya ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù. Ibẹ̀ ló ti rí i. Iná àsorọ̀ onídígí ni, èyí tí wọ́n tú kúrò nílé àlejò iléeṣẹ́ kan tó ti kó lọ. Dígí wẹẹrẹwẹẹrẹ ló so jìngbìnnì lára ẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́, wọ́n sì ń kọlu ara wọn, ṣin-in, ṣin-in, bí ẹni ń da ṣílè sínú abọ́.

"How far for this one?" ni Yẹ̀kínì bi í.

"You? Electrician? I no want your money," ni ọkùnrin náà fi lóhùn. "Bring copper. Correct copper. Carry your light go."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ẹnikẹ́ni kò fi ìbọn sí i lórí.

Fún ọjọ́ mẹ́ta ló ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ta ló máa wo inú ilẹ̀? Bírékà tó ń já iná wà nínú pánẹ́ẹ̀lì, ṣé kò tó ni? Mélòó nínú ilé ìlú yìí ló ní ẹ́ẹ̀tì tó dáa, ṣé wọ́n ti kú? Lọ́jọ́ kẹrin, ó mú ayùn irin.

Ó gé orí ọ̀pá bàbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan péré. Kòtò kékeré mẹ́jọ ló wà yí púùlù ká, olómorí. Ó ri orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sínú kòtò kọ̀ọ̀kan, ó so okùn bàbà kúkúrú mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì jẹ́ kí ojú ẹ̀ máa dán níta. Ara ọ̀pá àti okùn gígùn yẹn ló dì sínú àpò ìdọ̀họ, ó fi gba iná àsorọ̀ náà wá sí pálọ̀ ẹ̀.

Nígbà tí Sotonye dé, ó ṣí kòtò kọ̀ọ̀kan wò. Orí mẹ́jọ. Gbogbo wọn ń dán.

"Fine work," ló wí. Ó gbá Yẹ̀kínì léjìká. "You be correct person."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ ń gbọ́ lójú oorun, kó tó wá gbọ́ àwọn yòókù.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fa omi sínú púùlù, Misbaudeen ló ṣí ẹ̀rọ. Òun ló ri gbogbo páìpù ibẹ̀. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ti ẹsẹ̀ kan bọ omi. Lójijì ló fa ẹsẹ̀ ọ̀hún padà, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Yẹ̀kínì! Iná ẹ wà nínú omi yìí o. Ṣé o ti so ó mọ́lẹ̀?"

"Mo ti so ó mọ́lẹ̀."

"Búra."

"Ìwọ ọkùnrin yìí, kí ló dé?"

"Mo ní ìyàwó tuntun nílé, n ò tíì gbádùn ẹ̀. Búra, jọ̀ọ́."

Àwọn oníṣẹ́ ti ń wò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Yẹ̀kínì náà rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè bí wọ́n ti ń ṣe é nílé.

"Ilẹ̀ gbọ́," ló wí.

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́!" Misbaudeen pariwo. "Ilẹ̀ tó o fẹ́ kó gbé iná mì, o tún ń lá a! Ṣé máńgòrò lo rò pé ó jẹ́ ni?"

Ló bá fò sómi. Ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀ kan. Erùpẹ̀ iyọ̀ àti símẹ́ńtì wà lórí ahọ́n Yẹ̀kínì. Ó tutọ́, ó tún tutọ́. Kò lọ.

Yorùbá ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ohun tí wọn kò sọ ni pé ilẹ̀ kì í kánjú.

Ọ̀gá Fọláhànmí fẹ́ràn Misbaudeen, ó ní kó dúró gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú púùlù. Yẹ̀kínì gbìyànjú láti dá a dúró.

"Iṣẹ́ omi kò yẹ ẹ́. Wá ká lọ Choba, wọ́n ń kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀."

"Àbí ò ń jowú mi ni? Ọ̀gá fún mi ní yàrá, ó fún mi ní yúnífọ́ọ̀mù. Orúkọ mi wà láyà ẹ̀!"

Ìbá sọ ọ́ níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Ó ṣí ẹnu, iná àsorọ̀ pálọ̀ ẹ̀ ló rí, pẹ̀lú ẹ̀rín ojú Jemilat lábẹ́ ẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

Ọdún mẹ́ta kọjá, ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Ó ti fẹ́ gbàgbé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ní 2013, Misbaudeen bá Fàdílátù ìyàwó ẹ̀ jà láàárọ̀. Ẹni tó ń rán kọ́tìnì ni Fàdílátù. Òun ló rán gbogbo kọ́tìnì ilé Abuloma, ẹnu ẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ omi ilé wọn ń jò láti oṣù kan, púlọ́ńbà kò sì ráyè tún un ṣe.

"Omi olówó lẹ mọ̀ ọ́n tọ́jú!" Fàdílátù ń pariwo, gbogbo ará ilé ń gbọ́. "Ẹ máa lọ! Ẹ lọ bá ìyàwó yín nínú omi! Kí omi ọ̀hún kúkú gbé yín mì, kí n sinmi!"

Misbaudeen ń rẹ́rìn-ín bó ti ń jáde lọ. Ó ní, "Tó bá gbé mi mì, á pọ̀ mí padà. Mo ti le jù."

Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, wọ́n ti pe Yẹ̀kínì lórí fóònù.

Ó bá Misbaudeen lórí òkúta ẹ̀gbẹ́ púùlù, wọ́n ti fi aṣọ ìnura funfun bò ó. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló yọ jáde. Ìka ẹ̀ ká bí ẹni tó ṣì di àkàbà irin mú. Nínú omi, iná mẹ́rìndínlógún ń jó búlúù lójú ọ̀sán. Ọ̀kan nínú wọn dúdú láàárín, omi ti wọnú ẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò ní láti ṣàlàyé fún un. Iná ti ṣìnà, ó wá ilẹ̀ lọ, kò bá ilẹ̀. Misbaudeen ló bá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe, torí ó ní kí n sọ ọ́. Kò kọ́kọ́ sunkún. Ó pa iná ní pánẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn náà ló yí púùlù ká, ó ń tẹ omorí kòtò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò bóyá wọ́n dé dáadáa.

Nengi, alásè ilé náà, ọmọ Abuloma, ń ká ọwọ́ lérí.

"I talk am! I tell oga say na that corner Mama Water dey baff. Person wey sabi swim like fish, how e go take drown for water wey no reach im chest? She don collect im person!"

Yẹ̀kínì gbọ́ ohùn ara ẹ̀.

"Na true," ló wí. "Na the water."

Gbólóhùn yẹn kò gùn ju èyí tí ìbá fi gba Misbaudeen là lọ. Èyí kò ṣòro fún un láti sọ.

Wọ́n gbàdúrà yí púùlù ká. Àwọn tó fi òróró yàn án wá, àwọn tó ka kéwú sí i wá. Yẹ̀kínì ṣe àmín fún gbogbo wọn. Dókítà ní omi ló pa á. Ọ̀gá Fọláhànmí ní kí wọ́n fa omi náà gbẹ, ó ti ilé pa, ó kó lọ sí Èkó.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ dé. Ìyá Misbaudeen gbọ́ ọ̀rọ̀ ará ilé, ó dìde dúró láàárín èrò.

"Ẹnu ìyàwó ló pa ọmọ mi. Ó ní kí omi gbé e mì, omi sì gbọ́."

Gbogbo èèyàn wo Fàdílátù. Wọ́n rò pé yóò jà. Ẹni tí ẹnu ẹ̀ mú tó báyẹn!

"Òótọ́ ni, Màmá," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹnu mi ni."

Yẹ̀kínì jókòó bí ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Wọ́n gba Ramlah, ọmọbìnrin Fàdílátù ọlọ́dún méjì, lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, pé kí ẹnu yẹn má baà kan òun náà. Fàdílátù kò bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń rán kọ́tìnì, ó ń mi orí. Abẹ́rẹ́ onílórí máa ń wà láàárín ètè ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, bí ẹni fi wọ́n rán ẹnu ara ẹ̀ pa.

Yẹ̀kínì a máa gbé ìrẹsì lọ fún un. Ẹ gbọ́ ná, ó ń gbé ìrẹsì lọ!

"Ìyá Ramlah, Ọlọ́run á tù yín nínú."

Obìnrin náà á mi orí. Á kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ìgbà yẹn ni erùpẹ̀ ẹnu Yẹ̀kínì padà dé. Ó kọ́kọ́ rò pé iyanrìn ló wà nínú ọbẹ̀.

"Ọbẹ̀ tèmi?" Jemilat fi ìgbákọ lulẹ̀. "Ẹ̀yin, Bàbá Sherifdeen, ọbẹ̀ tí mo fọ ẹ̀fọ́ ẹ̀ nígbà mẹ́ta?"

Ó fọ eyín, ó fi iyọ̀ yọ́ ẹnu, ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Wọn kò rí nǹkan kan. Nínú pálọ̀, iná àsorọ̀ ń kọlu ara ẹ̀, ṣin-in, ṣin-in, fèrèsé wà ní títì. Ó ti mọ ohun tí ìró yẹn jọ báyìí. Ó jọ ìró òrùka Misbaudeen lára àkàbà irin, bó ṣe máa ń gbá a kó tó wọ omi.

"Kí ló dé tí ẹ kì í tan iná yìí mọ́?" ni Jemilat bi í.

"Ojú ń dùn mí."

Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó sínú òkùnkùn lábẹ́ ohun tó fi ọ̀rẹ́ ẹ̀ pààrọ̀.

Ní 2024, Sotonye pè é.

"Yekini! You still dey alive? Oga don return. We wan wake that house. Na you sabi all the wire, come."

Ó lè kọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan bọ́ sí i lọ́kàn tó dà bí oore: àyè nìyí láti ri ọ̀pá gidi síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ó ra bàbà tuntun pẹ̀lú owó ara ẹ̀, ó dì í mọ́ orí kẹ̀kẹ́ márúwá. Èrò ẹ̀ ni pé yóò san ilẹ̀ ní gbèsè ẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Nígbà tó dé, Sotonye ti débẹ̀ ṣáájú ẹ̀, ó ti hewú lórí. Fàdílátù náà wà níbẹ̀.

Ó ti wá wọn kọ́tìnì. Ọ̀gá fẹ́ kí wọ́n ta kọ́tìnì funfun yí ibi ìsinmi ẹ̀gbẹ́ púùlù ká. Ó mi orí kí Yẹ̀kínì, abẹ́rẹ́ mẹ́ta láàárín ètè ẹ̀. Kò jẹ́ kí ojú òun yà sí kòtò púùlù gbígbẹ náà.

Ilé ọ̀hún dákẹ́. Atẹ́gùn odò ṣì ń wọlé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti yà á, ó ń gba pálọ̀ kọjá, ó ń gun àtẹ̀gùn, bí ẹni tó ń wá ẹnì kan láti yàrá dé yàrá.

Sotonye ti gbé míta ìdánwò ẹ́ẹ̀tì wá. Ó so ó mọ́ orí bàbà kan, ó wò ó. Ó so ó mọ́ òmíràn. Ó fa ojú ro.

"Yekini. This meter dey talk say earth no dey here."

"Madam, na dry season. Ground don dry."

"Dry? For Abuloma waterfront? If I dig two feet now, crab go greet me."

Sotonye wo odò, ó tún wo kòtò. Òun fúnra ẹ̀ ló wá la ọ̀nà àbáyọ fún Yẹ̀kínì.

"Or na salt? This salt water fit don chop the rod finish."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Na salt, Madam," ni Yẹ̀kínì wí. "Salt dey chop copper well well."

"Then that day," ohùn Sotonye rọlẹ̀, "that day wey your friend die, salt don already chop am. Nobody fit know."

"Nobody, Madam."

Fàdílátù kò gbọ́ wọn. Ó ń wá ibi tí yóò fi ẹnu téèpù ìwọ̀n ẹ̀ kọ́. Kò rí ìṣó, kò rí ìkọ́. Ó rí orí bàbà kan tó yọ jáde nínú kòtò tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Ó fi ìkọ́ téèpù kọ́ ọ, ó sì ń fà á lọ sí ìdí òpó kejì. Ó fà á títí, téèpù le gbandi. Ó fà á díẹ̀ sí i.

Orí bàbà náà fà tu.

Ó jáde bí àlùbọ́sà. Ó yí gbirigbiri lórí òkúta, ó dúró lẹ́sẹ̀ Sotonye. Ẹsẹ̀ bàtà kan péré. Òkè ẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú ayùn sì hàn lára ẹ̀ kedere.

Sotonye mú un, ó fi àtàǹpàkò ra ojú tí wọ́n gé.

"Yekini," ló wí. "Salt dey use saw?"

Ó lọ sí kòtò kejì, ó fà. Ó jáde. Ẹ̀kẹta, ó jáde. Yẹ̀kínì ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó dé ẹ̀kẹrin.

Fàdílátù ń wo ọ̀kan dé ìkejì. Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá Sherifdeen, kí ni nǹkan yìí?"

"Ilẹ̀ ni, Ìyá Ramlah. Ilẹ̀ tó yẹ kó gbé iná mì. Mo gé e, mo fi pààrọ̀ iná tí mo so sí pálọ̀ mi. Iná ló pa Misbaudeen. Omi kọ́ ló pa á. Èmi ni."

Ó rò pé yóò kígbe. Obìnrin náà sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó lójú.

"Ṣé ẹnu mi kọ́?"

"Ẹnu yín kọ́."

"Tún un sọ."

"Ẹnu yín kọ́, Ìyá Ramlah."

"Pariwo ẹ̀!"

"Ẹnu yín kọ́!" Yẹ̀kínì ké. Ògiri púùlù gbígbẹ náà gba ọ̀rọ̀ náà, ó tún un sọ fún wọn.

Fàdílátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ara ẹ̀ mú, jẹ́jẹ́, bí ìyá ṣe ń di ojú ọmọ mú.

"Ẹ ṣẹ́ mi lépè," ni Yẹ̀kínì bẹ̀ ẹ́. "Ohun tó bá wù yín. Ẹ sọ ọ́."

"Ìwọ yìí," ló wí. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti mọ̀ ọ́n, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbà pé ẹnu mi ń pa èèyàn. Ọjọ́ tí mo wá mọ̀ pé kì í pa èèyàn, ìwọ ni kí n fi dán an wò?"

Ó mú orí bàbà àkọ́kọ́, ó fi aṣọ kọ́tìnì wé e.

"Wàá bá mi lọ sí Ọ̀yọ́."

Yẹ̀kínì kọ́kọ́ lọ sí tẹ́ṣàn, ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀; ẹjọ́ náà ṣì wà ní kóòtù. Jemilat ló fọwọ́ ara ẹ̀ tú iná àsorọ̀ yẹn. Kò bá a jà. Ó kàn ní, "Ẹ̀rín tí mo rín lábẹ́ ẹ̀, ta ni màá dá a padà fún?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ.

Ìyá Misbaudeen ti darúgbó, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin gíga kan dúró tì í, ẹ̀rín Misbaudeen gan-an ló wà lẹ́nu ẹ̀. Ramlah ni.

Fàdílátù tú kọ́tìnì, ó gbé bàbà náà síwájú ìyá ọkọ ẹ̀. Yẹ̀kínì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ayùn, orí mẹ́jọ, ìbúra, "na the water". Kò fo ibì kankan.

Ìyá náà gbọ́ ọ tán.

"Fàdílátù," ló wí. "Ìyàwó mi. Fàdílátù, dìde níbẹ̀, wọlé. Ramlah, gbé omi fún ìyá ẹ."

Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú, wọ́n jọ wọlé. Ramlah tẹ̀lé wọn. Ilẹ̀kùn pa dé.

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀, àgbà ló ń sọ fún un pé dìde.

Yẹ̀kínì dúró bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ kọjá lára ẹ̀. Nínú ilé, ó ń gbọ́ ohùn Fàdílátù, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń sọ̀rọ̀, bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Erùpẹ̀ Ọ̀yọ́ wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, ohun tó wà lẹ́nu ẹ̀ àti ohun tó ń tọ́ wò jẹ́ ọ̀kan náà.

Oòrùn yí kúrò lórí ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò jáde wá.

Níkẹyìn, ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó fúnra ẹ̀ dìde, ó gba ọ̀nà garáàjì lọ.

Òun ló sọ ọ́ fún mi pé ẹni tó bá fúnra ẹ̀ dìde, kò tíì dìde.